Ṣé Géèjì Ni Ó Ń Parọ́, Àbí Ẹ́ńjìnnì Ni Ó Ń Gbóná? Ìtọpinpin Àléébù Géèjì Ìgbóná Nínú Ọkọ̀ Ìgbòkun Kékeré

Ìfáàrà

Ọkọ̀ ìgbòkun ni ọkọ̀ ojú omi tí atẹ́gùn ń tì lọ. Síbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ọkọ̀ ìgbòkun tí gígùn rẹ̀ tó mítà mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé tàbí ní Amẹ́ríkà lónìí, tí kò ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan nínú. Ẹ́ńjìnnì yìí ni awakọ̀ máa ń gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí atẹ́gùn bá dákẹ́, tàbí nígbà tí ó bá fẹ́ wọ èbúté tí àyè ibẹ̀ há. Lára pátákó tí ó wà níwájú awakọ̀ ni géèjì kan wà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Géèjì náà kéré, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wúwo. Bí ó bá parọ́ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù, awakọ̀ lè pa ẹ́ńjìnnì níbi tí atẹ́gùn ti ń tì í lọ sórí àpáta. Bí ó bá sì parọ́ pé ara ẹ́ńjìnnì tutù, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti jó kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni bí a ṣe ń tọpinpin àléébù irú géèjì bẹ́ẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ yan ọkọ̀ ìgbòkun dípò mọ́tò. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ gbóná lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó lè yà sẹ́bàá ọ̀nà kí ó sì ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Ẹni tí ó wà lójú òkun kò ní ẹ̀bá ọ̀nà tí yóò yà sí, kò sì sí mẹkáníìkì tí yóò bá a níbẹ̀. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó ronú dáadáa. Irú ìrònú yìí gan-an ni a rí i pé ó ń ṣaláìtó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ: wọn a máa pààrọ̀ nǹkan kí wọ́n tó wádìí, bí èyí tí wọ́n pààrọ̀ kò bá sì ṣiṣẹ́, wọn a pààrọ̀ òmíràn.

Ní ti èdè, iṣẹ́ àkànṣe tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti jẹ́ kí ó hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìdánilójú wa ni pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn mẹkáníìkì àti àwọn rẹ́wáyà wa kò dúró de ìwé kankan kí wọ́n tó máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa wáyà, fíùsì àti ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni a óò lò níhìn-ín níbi tí ó bá ti wà.

Bí omi ṣe ń tu ẹ́ńjìnnì lára

A kò lè sọ pé ẹnì kan parọ́ bí a kò bá mọ ohun tí òtítọ́ jẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n ìgbóná tí ó tọ́ sí ẹ́ńjìnnì tí ó wà níwájú wa, nítorí pé gbogbo wọn kò rí bákan náà.

Oríṣi kan wà tí pọ́ọ̀ǹpù ń fa omi òkun wọ inú ẹ́ńjìnnì tààrà, tí omi náà yóò yí ara irin ká, tí yóò sì gba sàlẹ́ńsà jáde pẹ̀lú èéfín. Iyọ̀ ni ìṣòro ibẹ̀. Bí omi òkun bá gbóná kọjá nǹkan bí 60°C, iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ inú irin bí èépá, ojú ọ̀nà omi yóò sì máa dí díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí tamọsítáàtì irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ fi máa ń tètè ṣí. Nínú ẹ́ńjìnnì Yanmar 1GM10, tí ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, tamọsítáàtì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 42°C, yóò sì ṣí tán ní nǹkan bí 52°C.

Oríṣi kejì ní omi méjì. Omi àkọ́kọ́ jẹ́ omi tí kò níyọ̀, tí a pò mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Òun ni ó ń yípo nínú ẹ́ńjìnnì. Omi kejì jẹ́ omi òkun, kì í sì í dé inú ẹ́ńjìnnì rárá. Inú ẹ̀rọ kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ rédíétọ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí omi òkun yóò gba ooru lọ́wọ́ èkejì láìpò pọ̀ mọ́ ọn. Níhìn-ín, tamọsítáàtì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 71°C, kí ó sì ṣí tán ní 85°C.

Bí abẹ́rẹ́ géèjì bá wá dúró ní 55°C, kí ni a óò sọ? Nínú oríṣi àkọ́kọ́, ara ẹ́ńjìnnì dá ṣáṣá. Nínú oríṣi kejì, yálà tamọsítáàtì ti há ní ṣíṣí, tàbí kí géèjì máa parọ́. Nọ́ńbà kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà dé ojú géèjì

Géèjì kì í mọ ìgbóná kankan fúnra rẹ̀. Ìròyìn ni wọ́n ń mú wá bá a. Ẹni tí ó ń mú ìròyìn náà wá ni sẹ́ńsọ̀, irin kékeré kan tí a fi ẹyọ dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì tí ìdí rẹ̀ sì wà nínú omi gbígbóná. Nínú sẹ́ńsọ̀ ni èròjà kan wà tí ìdènà iná rẹ̀ máa ń dínkù bí ooru bá ti ń pọ̀ sí i. Fún àpẹẹrẹ, oríṣi sẹ́ńsọ̀ VDO kan tí géèjì rẹ̀ ń kà dé 120°C máa ń ní ìdènà tó nǹkan bí 134 óòmù ní 60°C, nǹkan bí 51 óòmù ní 90°C, àti nǹkan bí 38 óòmù ní 100°C. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ní ìwọ̀n tiwọn, pàápàá àwọn ti Amẹ́ríkà. Sẹ́ńsọ̀ ilé-iṣẹ́ kan pẹ̀lú géèjì ilé-iṣẹ́ mìíràn lè máa parọ́ títí ayé láìjẹ́ pé èyíkéyìí nínú wọn bàjẹ́.

Láti orí sẹ́ńsọ̀, wáyà kan gbéra lọ sí ẹ̀yìn géèjì. Ẹnu mẹ́ta ni géèjì sábà máa ń ní lẹ́yìn: èyí tí a sàmì I sí ń gba iná láti ibi kọ́kọ́rọ́, èyí tí a sàmì S sí ń gba wáyà sẹ́ńsọ̀, èyí tí a sàmì G sí sì lọ sí ẹ́ẹ̀tì. Iná láti inú bátìrì 12 fólítì yóò gba inú géèjì kọjá, yóò gba wáyà dé sẹ́ńsọ̀, yóò gba ara ẹ́ńjìnnì padà sí bátìrì. Bí ìdènà bá pọ̀ lójú ọ̀nà yìí, abẹ́rẹ́ yóò lọ sí apá òtútù. Bí ìdènà bá kéré, yóò lọ sí apá ìgbóná.

Gbólóhùn méjì tí ó kẹ́yìn yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ há sórí, nítorí láti inú wọn ni a ti lè mọ ibi tí irọ́ géèjì máa ń kọjú sí. Ìpẹtà ń fi ìdènà kún ìdènà: géèjì tí wáyà rẹ̀ dípẹtà yóò máa sọ pé ara ẹ́ńjìnnì tutù ju bí ó ṣe rí lọ. Wáyà tí ìwọ̀ rẹ̀ ti bó tí ó sì ń kan irin ẹ́ńjìnnì ń yọ ìdènà kúrò: géèjì rẹ̀ yóò máa pariwo ìgbóná tí kò sí. Nínú méjèèjì, èyí tí kò pariwo ni ó léwu jù. Ẹ wo sẹ́ńsọ̀ VDO tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní 90°C, tí ìpẹtà orí wáyà sì fi 30 óòmù kún 51 óòmù, géèjì yóò rí nǹkan bí 81 óòmù, abẹ́rẹ́ yóò sì dúró sí àárín 70°C sí 80°C bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì. Inú omi iyọ̀ ni ọkọ̀ yìí ń gbé. Ìpẹtà kò jìnnà sí i rárá.

Ẹlẹ́rìí kejì

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí a tó dá géèjì lẹ́bi tàbí láre, ó yẹ kí a wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Lójú òkun, ohun àkọ́kọ́ ni kí awakọ̀ dín iná ẹ́ńjìnnì kù, kí ó sì wo ẹnu sàlẹ́ńsà lẹ́yìn ọkọ̀. Ṣé omi ń tú jáde níbẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe? Bí omi bá ti dínkù, tí ohùn sàlẹ́ńsà sì ti há, tí oruku funfun ń jáde dípò omi, òótọ́ ni géèjì ń sọ. Kí a yẹ asẹ́ omi òkun wò, kí a yẹ abẹ̀bẹ̀ rọ́bà inú pọ́ọ̀ǹpù wò bóyá ewé rẹ̀ ti já. Ọ̀rá nylon kan ṣoṣo tí ó bo ẹnu ihò omi lábẹ́ ọkọ̀ tó láti dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀sà Èkó kò ní béèrè ibi tí ọ̀rá ti wá.

Ṣùgbọ́n omi tí ó ń tú jáde kì í ṣe ẹ̀rí tí ó pé nínú ẹ́ńjìnnì olómi méjì. Omi òkun lè máa ṣàn geere nígbà tí omi inú ti jò tán, tàbí nígbà tí bẹ́líìtì tí ń yí pọ́ọ̀ǹpù omi inú ti dẹ̀. Bẹ́líìtì kan náà ni ó sábà máa ń yí ẹ̀rọ tí ń ṣájì bátìrì. Nítorí náà, bí géèjì ìgbóná bá ń gòkè tí iná tí ń wọ bátìrì sì ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́líìtì ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ìṣesí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ẹlẹ́rìí. Irin àti omi kì í gbóná lójijì. Abẹ́rẹ́ tí ó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ó ń gòkè sí i bí a bá fi iná kún ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ń sọ̀ bí a bá dín in kù, ìgbóná tòótọ́ ni ó ń kà. Abẹ́rẹ́ tí ó bá fò láti ibi tí ó yẹ lọ sí ìparí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó tún fò padà nígbà tí ìgbì gbé ọkọ̀, wáyà ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá gbéra nígbà tí a tan iná pátákó tàbí iná orí òpó ọkọ̀, ẹ́ẹ̀tì ni kí a fura sí.

Ẹ̀rí tí ó dára jù ni ti tamọ́mítà alátamọ́, irú èyí tí a máa ń dojú rẹ̀ kọ nǹkan tí yóò sì sọ bí ojú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Gbogbo wa ni a mọ ẹbí rẹ̀ láti ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ń fi wọn ìgbóná ara ènìyàn lẹ́nu géètì nítorí àrùn Kòfíìdì. Èyí tí wọ́n ń lò fún ènìyàn kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé àárín ìgbóná ara nìkan ni ó lè kà. Ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni a nílò. A óò dojú rẹ̀ kọ irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀ gan-an. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a dojú rẹ̀ kọ irin tí ń dán. Irin dídán máa ń jẹ́ kí ó ka nọ́ńbà tí ó kéré sí òótọ́. Kí a lẹ tépù bébà tàbí kí a fi ọ̀dà dúdú tí kò dán kun ojú ibẹ̀ kí a tó wọ̀n ọ́n.

Ìdánwò orí wáyà kan

Bí ẹlẹ́rìí kejì bá ti jẹ́rìí pé ìgbóná ẹ́ńjìnnì dára, tí géèjì sì ń sọ ohun mìíràn, ìgbà yìí ni a óò wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀nà ìròyìn wò. Kò gba irinṣẹ́ púpọ̀. A óò pa ẹ́ńjìnnì, a óò jẹ́ kí ó tutù, a óò sì yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí géèjì ti ń gba iná láìtan ẹ́ńjìnnì.

Kí a yọ wáyà kúrò lórí sẹ́ńsọ̀, kí ó má kan ohunkóhun. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ pátápátá sí apá òtútù, nítorí pé ìdènà ojú ọ̀nà ti di èyí tí kò lópin. Lẹ́yìn náà, kí a fi ẹnu wáyà kan náà kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tí kò sí ọ̀dà, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí a má fi sílẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gòkè lọ sí ìparí ìgbóná.

Bí ó bá ṣe méjèèjì, géèjì kò jẹ̀bi, wáyà kò já, iná sì ń dé. Sẹ́ńsọ̀ ni kí a yíjú sí, tàbí ìpẹtà tí kò tíì ju díẹ̀ lọ, èyí tí ìdánwò yìí kò lágbára láti fi hàn. Bí abẹ́rẹ́ bá kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí a yọ wáyà, wáyà ti bó níbì kan láàárín, ó sì ń kan irin, tàbí kí géèjì ti bàjẹ́. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, kí a lọ sí ẹ̀yìn pátákó, kí a yọ wáyà kúrò lẹ́nu S. Bí abẹ́rẹ́ bá sọ̀ nígbà náà, wáyà ni ó jẹ̀bi. Bí abẹ́rẹ́ bá sì kọ̀ láti gòkè nígbà tí wáyà kan irin, kí a fi wáyà kúkúrú kan so ẹnu S mọ́ ẹnu G lẹ́yìn géèjì. Bí ó bá gòkè, wáyà tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ti já. Bí kò bá gòkè, kí a fi mítà wọn iná tí ó wà láàárín ẹnu I àti ẹnu G kí a tó sọ pé géèjì ti kú. Ọ̀pọ̀ géèjì ni a ti sọ nù nítorí fíùsì kan ṣoṣo.

Gbogbo ohun tí a sọ yìí kò kan géèjì àtijọ́ tí kì í lo iná, èyí tí páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbéra láti ara ẹ́ńjìnnì dé ẹ̀yìn rẹ̀. Bí páìpù náà bá ti já, odindi rẹ̀ ni a óò pààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpẹtà àti ẹ́ẹ̀tì

Ìdánwò wáyà ń sọ bóyá ọ̀nà ṣí tàbí ó dí. Kò lè sọ bóyá ọ̀nà náà há. Ní ti èyí, mítà nìkan ni ó lè ràn wá lọ́wọ́. Kí a yọ wáyà lẹ́nu S àti lórí sẹ́ńsọ̀, kí a sì wọn ìdènà rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Bí mítà bá ka óòmù mélòó kan, kí a wá ibi tí a ti so wáyà pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wáyà gbogbo pátákó máa ń gba inú ẹnu àsopọ̀ kan tàbí méjì tí ó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì, níbi tí ooru àti omi iyọ̀ ti ń bá a jà. Bí a bá fà á yọ, a ó rí ìpẹtà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ máa fọ irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà; kí a gé e kúrò, kí a sì so wáyà pọ̀ tààrà pẹ̀lú ìwọ̀ tí omi kò lè wọ̀.

Fún ẹ́ẹ̀tì, kí a tan àwọn iná ọkọ̀, kí a fi ẹsẹ̀ mítà kan sí ẹnu G, kí a fi èkejì sí ẹnu bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. Bí ẹ́ẹ̀tì bá dára, mítà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ka òdo. Bí ó bá ka ìdajì fólítì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ́ẹ̀tì pátákó kò dára. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ láìlo mítà ni pé gbogbo géèjì orí pátákó ni yóò máa ṣìwà hù pọ̀, kì í ṣe ti ìgbóná nìkan.

Sẹ́ńsọ̀ náà nílò ẹ́ẹ̀tì, ara irin ẹ́ńjìnnì ni ó sì ti ń rí i. Ẹni tí ó bá wé tépù funfun àwọn púlọ́ńbà mọ́ ẹyọ sẹ́ńsọ̀ kí omi má baà jò lè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹ́ẹ̀tì náà. Géèjì yóò máa ka òtútù, sẹ́ńsọ̀ tuntun ni yóò sì jẹ̀bi lójú rẹ̀. Àwọn sẹ́ńsọ̀ olórí méjì wà tí wáyà kejì wọn ń ṣe iṣẹ́ ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ tépù kò kan ìwọ̀nyẹn.

Ìgbà kan tún wà tí gbogbo ọ̀nà ìròyìn dára tí géèjì sì ń sọ irọ́ tí ó léwu jù. Bí omi inú bá ti jò débi pé ìdí sẹ́ńsọ̀ kò sí nínú omi mọ́, inú afẹ́fẹ́ tàbí oruku ni yóò wà, nọ́ńbà tí yóò sì kà lè kéré sí ìgbóná irin tí ó yí i ká. Abẹ́rẹ́ yóò sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tí ó ṣàdédé sọ̀ nínú ìrìn àjò yẹ fún ìwádìí bí èyí tí ó gòkè. Kí a má ṣe ṣí ọmọrí omi nígbà tí ó bá gbóná. Omi yóò fọ́n lu ẹni tí ó ṣí i. Àgogo ìkìlọ̀ tún ń ṣe ìrànlọ́wọ́ níhìn-ín nínú ọkọ̀ tí ó bá ní in, nítorí pé ṣíwíìsì tirẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí sẹ́ńsọ̀ géèjì. Ọ̀nà tí a ń gbà dán òun náà wò ni kí a yí kọ́kọ́rọ́ kí a sì fi wáyà ṣíwíìsì náà kan irin ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́dọ̀ ké.

Sẹ́ńsọ̀ nínú kíláàsì

Kò pọn dandan kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọkọ̀ ìgbòkun kí a tó lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Sẹ́ńsọ̀ mọ́tò àlòkù tí orí rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ìkòkò omi, tamọ́mítà tí ó lè kà dé 100°C àti mítà ti tó. Kí a fi wáyà so sẹ́ńsọ̀ kọ́ kí ìdí rẹ̀ wà nínú omi, kí orí rẹ̀ má wọ omi. Kí a fi ẹsẹ̀ mítà kan sí orí, kí a fi èkejì sí ara irin rẹ̀. Kí a se omi títí yóò fi hó, kí a sọ iná kalẹ̀, kí a sì máa kọ óòmù sílẹ̀ ní gbogbo 10°C bí omi ṣe ń tutù. A fara mọ́ kíkà nígbà títutù ju ìgbà gbígbóná lọ, nítorí pé omi kì í yára tutù, sẹ́ńsọ̀ yóò sì lè bá a rìn. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ya àwòrán nọ́ńbà wọn, wọn yóò rí i pé ìlà náà kò gún; nínú ooru púpọ̀, ìyàtọ̀ óòmù láàárín ìwọ̀n kan àti èkejì á kéré gan-an. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti mọ ìdí tí ìpẹtà kékeré fi lè ba ìròyìn jẹ́ jù ní àkókò tí ìgbóná bá pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ so sẹ́ńsọ̀ náà mọ́ géèjì tí ó bá a mu pẹ̀lú bátìrì, kí ó fi rẹsísítọ̀ 33 óòmù pamọ́ sínú wáyà níbi tí ojú kò tó, kí ó sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ó ṣe géèjì. Ìdánwò orí wáyà lè mú kí wọ́n rò pé kò sí àléébù. Máàkì kò gbọ́dọ̀ wà fún ẹni tí ó kàn dárúkọ wáyà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìdánwò tí ó fi yọ géèjì kúrò nínú ẹjọ́, èyí tí ó fi yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò, èyí tí ó fi yọ ẹ́ẹ̀tì kúrò, àti nọ́ńbà tí mítà kà fún un nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.